Gbígbé Àwòrán Láti Orí Téèpù Kámẹ́rà Fídíò Sí Orí Àwo DVD: Àyẹ̀wò Ìlò Rẹ̀ ní Agbègbè Mile 2 àti Festac

1.0 Ìfáárà

Orúkọ ìrántí ni orúkọ ìlú Festac. Nítorí Àjọ̀dún Àgbáyé Ẹlẹ́ẹ̀kejì fún Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú, èyí tí ó wáyé ní ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977, ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ìlú náà sí ẹ̀bá òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, kí àwọn àlejò lè ríbi dé sí. Nígbà tí àlejò lọ tán, àwọn ará ìlú kó wọlé. Àwọn ìwé, fọ́tò àti fíìmù àjọ̀dún náà rí olùtọ́jú, nítorí pé ní ọdún 1979 ìjọba fi òfin dá àjọ CBAAC sílẹ̀ láti máa bójú tó wọn. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ tí àwọn ìdílé ti ṣe nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn láti ìgbà náà wá, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé àti ìsìnkú àgbà, kò ní olùtọ́jú kankan ju ẹni tí ó ni ín lọ. Inú àpótí àti inú dúrọ́ọ̀ ni téèpù wọn wà.

Ohun tí bébà yìí gbé yẹ̀wò ni iṣẹ́ gbígbé àwòrán láti orí téèpù kámẹ́rà fídíò onínọ́ńbà sí orí àwo DVD nípasẹ̀ rẹ́kọ́dà DVD tí ènìyàn ń lò nínú ilé. Ìbéèrè tí ó dá lé kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí àwòrán bá ti dé orí àwo, ṣé ohun tí ó wà lórí téèpù gan-an ni ó dé ibẹ̀? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbè lẹ́yìn ni pé kì í ṣe òun gan-an. Àtúnkọ ni, àtúnkọ náà sì kéré sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwo DVD dára fún wíwò. Téèpù ni ojúlówó. Ẹni tí ó bá sọ téèpù nù nítorí pé àwo ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti fi odidi gba ààbọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú irú téèpù ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti lè bá oríkì orílẹ̀, rárà, ẹkún ìyàwó, ìwúre àwọn àgbà àti àwàdà alága ìdúró àti alága ìjókòó pàdé, bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu gan-an, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ wọ́n sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni ohùn náà ti papò dà. Bí téèpù bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí a óò tún bi léèrè.

2.0 Bí Ẹ̀rọ Náà Ṣe Tàn Kálẹ̀

Ìkóríta ni Mile 2. Níbẹ̀ ni òpópónà tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá ti pàdé òpópónà Àgbádárìgì. Ẹni tí ó bá kọjú sí Àgbádárìgì, tí ó kọjá Festac àti ọgbà Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé, yóò dé ọjà Àlàbà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí ẹ̀rọ oníná, tuntun àti tòkunbọ̀. Nítorí náà, kò jìnnà sí àwọn ará Amùwò-Ọ̀dọ̀fin láti rí kámẹ́rà, rẹ́kọ́dà, wáyà àti àwo òfìfo rà.

Téèpù VHS ni ó kọ́kọ́ gbòde. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn òṣèré Yorùbá ti ń fi fídíò ya eré wọn, nítorí pé owó fíìmù ti sinimá wọ́n jù fún wọn. Ní ọdún 1992, Living in Bondage, eré elédè Ígbò tí Kenneth Nnebue gbé jáde, fi hàn pé eré tí wọ́n gbé sórí téèpù VHS lè tà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1995 ni kámẹ́rà onítéèpù MiniDV jáde ní àgbáyé, téèpù kékeré tí ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Ní òpin ọdún 1999 ni rẹ́kọ́dà DVD ilé kọ́kọ́ jáde ní Japan. Nígbà tí owó méjèèjì wálẹ̀, tí tòkunbọ̀ wọn sì dé, onífídíò a máa fi téèpù ya ayẹyẹ, àwo ni ó sì ń kó lé oníbàárà lọ́wọ́. Ibi tí ojúlówó àti àtúnkọ ti pínyà nìyẹn. Téèpù a máa wà lọ́dọ̀ onífídíò, ó sì ṣeé ṣe kí ó tún fi ya ayẹyẹ ẹlòmíràn, kí ti àkọ́kọ́ parẹ́ ráúráú.

3.0 Ìyàtọ̀ Láàárín Téèpù àti Àwo

Nọ́ńbà ni kámẹ́rà MiniDV fi ń kọ àwòrán sórí téèpù. Ní ìlànà PAL tí Nàìjíríà ń lò, àwòrán 25 ni ó ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ìlà 576, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ojú àmì 720. Kámẹ́rà a máa fún àwòrán mọ́ra kí ó tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fún wọn. Àwòrán kan kò gbára lé èkejì. Ìwọ̀n àwòrán tí ó ń ṣàn sórí téèpù tó mẹ́gábíìtì 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá gbé téèpù wákàtí kan sínú kọ̀ǹpútà bí ó ṣe wà, yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì 13.

Àwo DVD olójú kan kò gbà ju gígábáìtì 4.7 lọ. Nípa ìṣirò yìí, àwo mẹ́ta ni téèpù wákàtí kan ṣoṣo yóò gbà bí kò bá sí ìfúnmọ́ra mìíràn. Síbẹ̀, rẹ́kọ́dà ilé a máa kó wákàtí méjì sórí àwo kan. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní MPEG-2. Ìlànà yìí dà bí ìṣe akọ̀wé tí ó kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìṣirò ní kíkún, tí ó wá ń kọ "bákan náà" sí àwọn ìlà ìsàlẹ̀, àfi ibi tí ìyàtọ̀ bá wà. Rẹ́kọ́dà a kọ àwòrán kan ní odidi. Nínú àwọn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó tẹ̀ lé e, kìkì ohun tí ó yí padà ni yóò kọ.

Bí àgbà bá jókòó jẹ́ẹ́ tí ó ń wúre, ohun tí ó ń yí padà kò pọ̀, àwòrán yóò sì dára lórí àwo. Ṣùgbọ́n òde àríyá kì í ṣe ibi ìjókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ìlù bá dún, tí gbogbo agbo mì, tí owó ìnáwó ń fò lórí olórin, tí aṣọ òkè sì ń dán láti apá kan dé èkejì, gbogbo ojú àwòrán ni ó ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè tí rẹ́kọ́dà ní kò tó o mọ́. Àwòrán yóò gé sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ojú ènìyàn yóò sì ṣú. Iye tí DVD gbà láàyè fún àwòrán kò ju mẹ́gábíìtì 9.8 ní ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí wákàtí méjì bá wà lórí àwo kan, ó kù sí nǹkan bíi 5, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ti orí téèpù. Ohun tí wọ́n bá ti yọ kúrò báyìí kò ṣeé dá padà láti orí àwo.

4.0 Ìlànà Iṣẹ́ Náà

4.1 Ìmúrasílẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni láti dáàbò bo téèpù. Ìdènà kékeré kan wà ní ẹ̀yìn téèpù MiniDV. Bí wọ́n bá tì í sí apá tí wọ́n kọ SAVE sí, kámẹ́rà kò ní lè kọ nǹkan mìíràn lé e. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yí téèpù náà lọ dé òpin kí wọ́n sì yí i padà, nítorí pé téèpù tí ó ti wà lójú kan fún ọdún púpọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá ní èébu, kí wọ́n má ṣe kì í bọ inú kámẹ́rà, nítorí pé èébu náà yóò ran orí ẹ̀rọ àti téèpù mìíràn.

Ooru omi inú afẹ́fẹ́ Èkó pọ̀. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà láti yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tútù wá sí pálọ̀ tí ó gbóná, ìrì lè sẹ̀ sí inú rẹ̀, téèpù a sì lẹ̀ mọ́ ìlù kékeré tí ó ń yí nínú ẹ̀rọ. Kámẹ́rà tí ó bá rí i yóò kọ ìkìlọ̀ sójú, yóò sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Sùúrù bíi wákàtí kan ni oògùn rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ilé téèpù sílẹ̀.

Ìlànà àwòrán náà ṣe kókó. Kámẹ́rà tí ìbátan fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ń ya àwòrán ní ìlànà NTSC, tí ó ní ìlà 480 àti nǹkan bí àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá. Rẹ́kọ́dà tí wọ́n ṣètò fún PAL lè má gbà á, tàbí kí àwòrán náà máa fò. Kí wọ́n yí ètò rẹ́kọ́dà padà, kí wọ́n má sì da ìlànà méjèèjì pọ̀ sórí àwo kan. Ìbátan kan náà lè fi rẹ́kọ́dà ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń lo fóòtì 110 nìkan yóò jóná bí wọ́n bá kì í bọ iná Nàìjíríà láìsí ẹ̀rọ tí ń sọ iná kalẹ̀.

4.2 Wáyà

Ọ̀nà méjì ni àwòrán lè gbà kúrò nínú kámẹ́rà. Èkíní ni wáyà olórí mẹ́ta: yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn. Bí wọ́n bá lo èyí, kámẹ́rà yóò kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà di ìgbì iná lásán, rẹ́kọ́dà yóò sì tún sọ ìgbì náà di nọ́ńbà. Ìtumọ̀ lórí ìtumọ̀ ni, nǹkan a sì máa ṣòfò nínú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní FireWire tàbí i.LINK, tí ó ń wọ ihò tí wọ́n kọ DV sí lára ẹ̀rọ méjèèjì. Nọ́ńbà tí ó wà lórí téèpù ni ó ń gbà á kọjá láìyípadà títí yóò fi dé inú rẹ́kọ́dà, kí rẹ́kọ́dà tó fún un mọ́ra. Nípasẹ̀ wáyà yìí kan náà ni rẹ́kọ́dà fi lè pàṣẹ fún kámẹ́rà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó dúró. Níbi tí ihò DV bá wà, òun ni ó yẹ.

4.3 Ìwọ̀n àti àkókò

Ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́dà ni ó ní ìwọ̀n XP fún wákàtí kan, SP fún wákàtí méjì àti LP fún wákàtí mẹ́rin. Nítorí pé téèpù MiniDV sábà máa ń jẹ́ wákàtí kan, téèpù kan fún àwo kan ní ìwọ̀n XP ni ó bójú mu jù. Kíkó téèpù mẹ́rin sórí àwo kan kí owó àwo lè dín kù jẹ́ àìróòótọ́ sí àwòrán náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó ń gé ìbú àwòrán sí ìdajì ní ìwọ̀n LP. Iṣẹ́ náà kò sì ní ọ̀nà àbùjá: wákàtí kan lórí téèpù yóò gba wákàtí kan.

4.4 Iná àti dídi àwo

Orúkọ NEPA parẹ́ ní ọdún 2005 nígbà tí ó di PHCN, ìjọba sì fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n igbe "Up NEPA!" kò tíì kúrò lẹ́nu ọmọdé nígbà tí iná bá dé. Fún iṣẹ́ yìí, iná tí ó lọ lójijì ju ìdíwọ́ lásán lọ. Àwo DVD-R kò ṣeé kọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá lọ kí rẹ́kọ́dà tó kọ àkójọ ohun tí ó wà lórí àwo, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tí ó ti kọ má ṣeé rí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan kò sì gba ènìyàn là, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó wà láàárín kí iná lọ àti kí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ ti tó láti ba àwo jẹ́. Ẹ̀rọ oníbátìrì tí ń gba iná dúró ni ó yẹ kí ó wà láàárín, tàbí kí wọ́n lo rẹ́kọ́dà tí ó ní àká nínú ara rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ kó àwòrán sínú àká náà kí wọ́n tó kọ ọ́ sórí àwo. Kámẹ́rà pẹ̀lú, iná ara ògiri ni kí ó máa lò, kì í ṣe bátìrì.

Nígbà tí àwòrán bá wọlé tán, ó ku dídi àwo, èyí tí ẹ̀rọ ń pè ní Finalize. Àwo tí wọn kò bá dì lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ́kọ́dà tí ó kọ ọ́, kí ó má sì ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ DVD mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni irú àwo bẹ́ẹ̀ lè sọ di aláìní àwòrán ní ọjọ́ tí rẹ́kọ́dà kan ṣoṣo náà bá kú.

5.0 Ọ̀rọ̀ Lórí Ohùn

Èdè olóhùn ni Yorùbá. Igba, igbá àti ìgbà kò yàtọ̀ lẹ́tà, ohùn ni ó yà wọ́n. Ìròyìn ayọ̀ ni pé gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn ènìyàn kò le fún ẹ̀rọ láti gbà, wọn kì í sì í sọnù nínú àtúnkọ. Ibi tí ewu wà ni ìṣètò. Kámẹ́rà MiniDV lè kọ ohùn ní bíìtì 16 tàbí ní bíìtì 12. Ní bíìtì 12, ó ń fi àyè kejì sílẹ̀ fún ohùn tí wọ́n bá fẹ́ fi kún un lẹ́yìn ọ̀la. Bí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ bá yan àyè kejì tí ó ṣófo, àwo yóò yadi. Bí wọ́n bá lo wáyà olórí mẹ́ta, tí orí pupa sì yọ, apá kan ohùn yóò sọnù. Ó sì lè jẹ́ apá tí gbohùngbohùn akéwì wà gan-an. Nítorí náà, kí wọ́n fi etí gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ parí.

Ohun mìíràn tí ó ń sọnù kò hàn sí ojú rárá. Bí aago kámẹ́rà bá pé, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ya àwòrán kọ̀ọ̀kan wà lórí téèpù MiniDV ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Àwo DVD kì í gbé wọn lọ. Olùwádìí tí àwo nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí apohùn, yóò gbọ́ oríkì, ṣùgbọ́n kò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n kì í.

6.0 Wíwò Yàtọ̀ sí Pípamọ́

Àwo DVD-R tí wọ́n kọ nínú ilé kò dà bí àwo eré tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Aró ni ó wà nínú rẹ̀, iná tín-ín-rín ni rẹ́kọ́dà sì fi ń jó àmì sára aró náà. Gẹ́gẹ́ bí oòrùn ti ń ṣí aró àdìrẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ń ṣe aró inú àwo. Àwo tí ó bá wà lójú fèrèsé ní etí ọ̀sà kò lè pẹ́.

Téèpù náà kò ní ẹ̀mí gígùn, ṣùgbọ́n àìsí ẹ̀rọ ni ó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tí ó kẹ́yìn nínú ṣíṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní ọdún 2016. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti dẹ́kun ṣíṣe kámẹ́rà onítéèpù bákan náà. Ní ọdún 2019, UNESCO àti àjọ IASA, tí í ṣe ti àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán, figbe ta pé ní nǹkan bí ọdún 2025, ẹ̀rọ tí ó lè ka téèpù yóò ti di ọ̀wọ́n. Ọdún náà ti dé.

Àpẹẹrẹ kan wà nílé tí ó fi ìwúlò ojúlówó hàn. Fíìmù Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976 ti di ohun tí wọ́n rò pé ó ti sọnù. Wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Ohun tí ó mú kí àtúnṣe náà ṣeé ṣe ni pé fíìmù fúnra rẹ̀ ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ àtúnkọ tí wọ́n ti fún mọ́ra ni ó kù, ohun tí ó ti jáde nínú rẹ̀ kò ní ṣeé wá rí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún téèpù ayẹyẹ ni pé kí wọ́n fi FireWire gbé e sínú kọ̀ǹpútà bí ó ṣe wà, gígábáìtì 13 fún wákàtí kan, kí ohùn, àwòrán àti ọjọ́ rẹ̀ wà pọ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun kì í sábà ní ihò náà. Ti àtijọ́ ni yóò ṣiṣẹ́. Kí ẹ̀dà náà wà ní ibi méjì tí ó jìnnà síra, kí wọ́n kọ orúkọ ibi, ọjọ́ àti àwọn tí ó sọ̀rọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì tọ́jú téèpù síbi tí ó tutù tí ó gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó ṣe àwo DVD fún ìyá àgbà tí ó fẹ́ wo ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé gbígbé àwòrán láti orí téèpù sí orí àwo DVD kì í ṣe kíkó ẹrù láti yàrá kan sí èkejì. Àtúnkọ ni, nínú èyí tí ìwọ̀n àwòrán ń dín kù, tí ọjọ́ ń sọnù, tí àìṣọ́ra sì lè pa ohùn rẹ́. Èyí kò sọ àwo DVD di ohun ìkórìíra. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwo ń mú kí gbogbo ẹbí rí àwòrán láìfọwọ́ kan téèpù, téèpù sì ń pa ohun tí àwo kò lè gbà mọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ohùn àwọn àgbà tí ó wà nínú àpótí ní Festac àti ní Amùwò-Ọ̀dọ̀fin ṣì ṣeé gbà sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà tí ó lè kà á bá ṣì ń yí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jáde lọ ṣe ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ilé wọn, kí wọ́n tó wá ohùn lọ sí ọ̀nà jíjìn.